Sàráà Gbòǹgbò Oníkókó

Ìyá mi jó lórí ebè tòmátì. Mi ò bù mọ́ ọn. Ó fi ọwọ́ kan di ìró mú, ó fi ọwọ́ kejì gbé igi tòmátì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fà tu sókè, erùpẹ̀ ń já bọ́ sórí gèlè rẹ̀, ó sì ń jó lọ, ó ń jó bọ̀, nínú oko kékeré tí a ní ní Ntoum, ìlú kan tó wà lójú ọ̀nà tí a fi ń jáde kúrò ní Libreville. Èmi náà ń pàtẹ́wọ́ fún un. Bí ẹnikẹ́ni bá ní kí n mú ọjọ́ kan tí inú mi dùn jù láti ìgbà tí mo ti dé Gabon, ọjọ́ yẹn ni n óò mú, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àìsàn là ń jó fún.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ìdí tí mo fi ń wá lójú méjèèjì ohun tí yóò mú ìyá mi jó. Nígbà tí bàbá mi kú ní Ṣakí, mo lọ mú ìyá mi wá sí Libreville. Èmi nìkan lọ́mọ obìnrin tó bí, mi ò sì fẹ́ kó máa dá gbé. Mo ní ṣọ́ọ̀bù ní Nombakélé tí mo ti ń ta ike, abọ́ àti ìkòkò. Ọkọ mi ń ránṣọ ní Lalala, ibẹ̀ náà la sì ń gbé. Mo ti rò ó pé tí ìyá mi bá ti rí mi, tó rí àwọn ọmọ, ọ̀rọ̀ bùṣe. Irọ́ ni! Ní àràárọ̀ ló máa ń jókòó sẹ́nu ọ̀nà, á máa kí gbogbo ẹni tó ń kọjá: "Ẹ kú àárọ̀ o! Ṣé ẹ jí dáadáa?" Àwọn ará àdúgbò á ní "Bonjour, maman," wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á sì bá tiwọn lọ. Ní Ṣakí, ẹni tó bá kí ọ láàárọ̀ á béèrè ọmọ, á béèrè ara, á béèrè ewúrẹ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ. Bọ́júù lásán ò lè yó ìyá mi. Àwọn ọmọ mi tí a bí síbí pàápàá, Yorùbá ló ń bá wọn sọ, Faransé ni wọ́n fi ń dá a lóhùn.

"Ọmọ mi," ó wí fún mi lọ́jọ́ kan, "mo kàn ń sọ̀rọ̀ bíi rédíò nínú yàrá tí kò sẹ́ni ni. Wá ẹni tí yóò mú mi padà sílé."

Kò pẹ́ tí òun fúnra rẹ̀ fi rí ẹni náà: oníṣòwò obìnrin kan tó máa ń lọ kó aṣọ ní Èkó. Obìnrin yẹn ní tí òjò bá ti dá, àwọn á jọ lọ. Mo sunkún. Mi ò tijú láti sọ ọ́. Ènìyàn tó ti bímọ tirẹ̀ ṣì lè máa fẹ́ ìyá rẹ̀ bí ọmọ ọwọ́.

Ọkọ mi, tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, ló ta ọgbọ́n. Oníbàárà rẹ̀ kan ní ilẹ̀ tí kò lò ní Ntoum, ó sì ní ká máa fi dáko. Ìgbà tí ìyá mi fẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ náà, ó bẹ̀rẹ̀, ó bu erùpẹ̀, ó gbóòórùn rẹ̀, ó ní, "Háà." Ohun tó sọ kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Láti ọjọ́ náà, ẹ ò lè dá a dúró sílé mọ́. A gbin tòmátì, a gbin ilá, a gbin ṣọkọ. Nígbà tí wọ́n hù, ó pe èmi àti ọkọ mi, ó fọwọ́ sí ìbàdí.

"Ẹ gbọ́ o, ẹ̀yin méjèèjì. Tí ilẹ̀ yìí bá gbà mí, màá dúró tì yín. Tí kò bá gbà mí, ẹ má tún sunkún sí mi lọ́rùn, ilé ni mò ń lọ."

Ọkọ mi ní, "Ẹ ṣeun, Mọ̀mọ́. Ilẹ̀ á gbà yín." Mo ń wo tòmátì wọ̀nyẹn bí ẹni ń wo adájọ́.

Adájọ́ ọ̀hún sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe wá bákan. Ewé ìsàlẹ̀ di pupa rúsúrúsú. Ilá tó yẹ kó ti ga dé àyà mi kúrú bí aràrá. Tó bá di ọ̀sán, tòmátì á sorí kọ́, ewé wọn á rọ jọwọlọ, bẹ́ẹ̀ omi ń bẹ nínú ilẹ̀, òjò àná kò tíì gbẹ. Tó bá di ìrọ̀lẹ́, wọ́n á tún gbórí sókè bí ẹni pé wọn ò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀. Ohun tó tiẹ̀ tún yà wá lẹ́nu ni pé kì í ṣe gbogbo oko ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ibi kan á dára, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ gan-an á rọ. A tún bomi rin ín, kò gbọ́. Ìyá mi bẹ̀rẹ̀ sí í ká ìró rẹ̀ sínú báàgì lọ́kọ̀ọ̀kan. Tí mo bá rí i tó ń ká a, màá wá nǹkan fọ̀ nílé ìdáná.

Ọjọ́ kan ni mo wá ní ká fa ọ̀kan tu ká wo ìdí rẹ̀. Mo rò pé a óò rí ikán. Ìyá mi ló fà á. Kókó ló kún gbòǹgbò náà! Kókó kéékèèké, kókó ńláńlá, wọ́n so mọ́ra wọn láti òkè dé ìsàlẹ̀. Mo ní, "Yéè, kí lèyí?" Ìyá mi ti figbe ta.

"Bàbá ẹ nìyí! Bàbá ẹ ló wá kí mi!"

Bàbá mi, kí Ọlọ́run dẹlẹ̀ fún un, àgbẹ̀ ẹ̀wà àti ẹ̀pà ni. Nígbà tí mo wà ní kékeré, ó máa ń fa ẹ̀wà tu níṣojú wa, á fi kókó wínníwínní tó wà nídìí rẹ̀ hàn wá, á ní, "Ajílẹ̀ ọ̀fẹ́ nìyí. Ẹ̀wà ń se oúnjẹ fún ilẹ̀." Òótọ́ ló sì ń sọ. Ibi tí ẹ̀wà bá ti ní kókó báyìí, àgbàdo tí a bá gbìn síbẹ̀ lọ́dún tó tẹ̀ lé e á ga kọjá orí ọkùnrin. Nítorí náà, kókó ìdí irúgbìn, ìròyìn ayọ̀ ni nílé tiwa. A ò bi ara wa pé ta ló ní kókó, ẹ̀wà ni àbí tòmátì. Kókó sáà ni kókó.

"Ewé tó pọ́n ńkọ́, Mọ̀mọ́?" mo bi í.

"Aboyún ni wọ́n! Ojú aboyún kì í pọ́n ni? Tó bá di ọ̀sán, kì í rẹ aboyún ni? Ìgbà tí mo lóyún tìẹ, ibi tí mo bá jókòó sí ni mò ń sùn sí."

Ohun tó sọ yìí bọ́gbọ́n mu lójú mi ju ohunkóhun tí mo ti gbọ́ lọ́dún yẹn. Ìgbà náà ni ijó bẹ̀rẹ̀. Obìnrin Nàgó kan láti Bénin, tí oko rẹ̀ bá tiwa pààlà, gbọ́ ariwo, ó sáré wá, ó bi wá ohun tó ṣẹlẹ̀. Nígbà tí a sọ fún un, òun náà ju ọkọ́ sílẹ̀, ó wọ inú ijó. Ẹ wo àgbà obìnrin mẹ́ta tó ń bá àìsàn yọ̀.

Ìyá mi ò sì mọ bí wọ́n ṣe ń dá jẹ ohun rere. Ó ní sàráà ni a óò fi ṣe, lórúkọ bàbá mi. Kì í ṣe ìrẹsì, kì í ṣe àkàrà. Ó ní ọmọ tòmátì tó hù lórí ilẹ̀ alábùkún yẹn ni òun óò pín. A ṣa agolo mílíìkì jọ láti gbogbo Lalala, a bu erùpẹ̀ oko sínú wọn, a gbin tòmátì kọ̀ọ̀kan sí i. Nígbà tó di ọjọ́ Jímọ̀, ó wọ aṣọ funfun, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà mọ́ṣáláṣí, ó ń pín agolo fún àwọn èèyàn tiwa bí wọ́n ṣe ń jáde. Wọ́n ń fi ọwọ́ méjèèjì gbà á. Wọ́n ń ṣàdúrà fún bàbá mi, ìyá mi ń ṣàmín. Obìnrin Nàgó náà gba tirẹ̀. Àwọn kan gbé e lọ sẹ́yìnkùlé, àwọn kan gbìn ín sínú ike lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé, ọ̀pọ̀ nínú ike náà sì jẹ́ èyí tí wọ́n rà lọ́wọ́ mi. Ojú ìyá mi ń dán. Mo wò ó, mo ní sínú pé, ó ti dúró nìyẹn.

Aboyún wa kò bí. Òdòdó tòmátì ń re, ilá ń kú lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìyá mi ṣì ń gbà á gbọ́. Lẹ́yìn tí ẹ̀wà tí ó gbìn sí etí oko ti dàgbà díẹ̀, ó ní kí obìnrin Nàgó wá wò ó, kó lè rí i pé kókó bàbá mi ni kókó yẹn lóòótọ́. Ó fa ẹ̀wà kan tu, ó fa tòmátì kan tu, ó fọ ìdí méjèèjì mọ́ nínú garawa, ó tò wọ́n sórí àpò. Ó fi èékánná yọ kókó ẹ̀wà kan. Ó já bọ́ wẹ́rẹ́, bí èso tó kàn fara ti gbòǹgbò. Ó fi èékánná là á, inú rẹ̀ pọ́n fẹ́ẹ́rẹ́.

"Ẹ wò ó bó ṣe tutù," ó wí.

Ó wá kan tòmátì. Ó fi èékánná yọ ọ́, kò yọ. Ó tún fi àtàǹpàkò ha á, kò já. Ó ha á gidi, gbòǹgbò náà gan-an ló bó. Ó mú òmíràn, ó tún ha á. Bákan náà ni.

"Èyí jókòó sára gbòǹgbò," ó wí jẹ́jẹ́, ó ń tọ́ka sí ẹ̀wà. "Èyí, gbòǹgbò fúnra rẹ̀ ló wú. Ọmọ kọ́ nìyí. Egbò ni."

Ijó tí a jó wá sọ́kàn mi, bí ìró ṣe ń fẹ́, bí erùpẹ̀ ṣe ń bọ́ sórí gèlè, ni ẹ̀rín bá gbé mi. Mo pa á mọ́ra títí, kò ṣe é pa mọ́ra. Ìyá mi wò mí bí ẹni fẹ́ gbá mi létí. Ẹ̀yìn náà ni ẹnu òun náà bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, ni a bá rẹ́rìn-ín títí a fi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nínú ẹrẹ̀.

Mo gbé gbòǹgbò kan sínú ọ̀rá lọ bá ọkùnrin tó ń ta irúgbìn àti ajílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà Mont-Bouët. Kò tíì tú ọ̀rá náà tán tó fi sọ pé, "Nématodes, madame." Ó ní aràn ni, ó kéré tó bẹ́ẹ̀ tí ojú lásán ò fi lè rí i, inú ilẹ̀ ló ń gbé. Ó ń wọ gbòǹgbò lọ, gbòǹgbò á wú, omi ò ní lè gòkè dáadáa mọ́, ìdí nìyẹn tí ewé fi ń rọ lọ́sàn-án nígbà tí ilẹ̀ tutù. Ó ní ká fa gbogbo rẹ̀ tu pẹ̀lú gbòǹgbò, ká sun ún, ká má tún gbin tòmátì tàbí ilá síbẹ̀ fún ìgbà pípẹ́. Ó wá fi kún un pé, "Ẹ má gbé erùpẹ̀ rẹ̀ tàbí ọmọ irúgbìn rẹ̀ lọ síbòmíràn o, torí bó ṣe ń rìn nìyẹn."

Mo figbe ta nínú ṣọ́ọ̀bù ọkùnrin náà. Ó rò pé nǹkan ta mí.

Nígbà tí mo sọ ọ́ fún ìyá mi, ó jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì. "Mo ti pín aràn fún gbogbo mùsùlùmí Libreville," ó wí. "Lórúkọ bàbá ẹ!"

"Mọ̀mọ́, ẹ jẹ́ ká lọ gbà á padà."

"Sàráà? Kí n lọ gba sàráà padà? Ta ló gbọ́ ọ rí? Ṣé kí n di ajá tó padà sídìí èébì rẹ̀ lójú ọjọ́ ogbó?" Ó fa báàgì rẹ̀ jáde. "Ilẹ̀ kò gbà mí. Sọ fún oníṣòwò yẹn pé kò tilẹ̀ dìgbà tí òjò bá dá. Ẹ mú mi lọ kí ojú tó tì mí tán."

Ẹ̀rín tán lẹ́nu mi lọ́jọ́ náà. Mo wo báàgì yẹn, mo sì kórìíra rẹ̀ bí ẹni kórìíra orogún. Ọkọ mi bẹ̀ ẹ́, ó ní, "Mọ̀mọ́, ẹ fọ̀rọ̀ náà lọ Ọlọ́run." Ó ṣì ń ká ìró sínú báàgì. Àmọ́ ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, kí n tó gbé omi sórí iná, ó ti wọṣọ tán. Àpò ìrẹsì tó ṣófo wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ẹni tó fún ni kò lè gbà á padà," ó wí. "Ṣùgbọ́n ta ló ní ẹni tó fún ni kò lè tọrọ? Èmi náà, arúgbó opó ni mí, sàráà tọ́ sí mi. Dìde, jẹ́ ká lọ ṣagbe."

Bí a ṣe bọ́ sójú títì nìyẹn. Ní Libreville, tí takisí bá ń bọ̀, o ó sọ ibi tí ò ń lọ látojú fèrèsé. Tó bá wu awakọ̀, á fun fèrè, wàá wọlé. Tí kò bá wù ú, ó ti lọ. Ìyá mi kọ́kọ́ ń kí wọn ná: "Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá awakọ̀, ṣé ilé dáa?" Kó tó béèrè ilé tán, takisí ti dé Mont-Bouët. Ẹ̀rín padà sẹ́nu mi díẹ̀díẹ̀.

Ilé àkọ́kọ́ wà ní Nombakélé, ilé obìnrin kan tó ń ta bàtà. Ìyá mi dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó tẹ́wọ́.

"Ọmọ mi, mo wá tọrọ sàráà."

Ojú obìnrin náà yí padà. Ó wo ìyá mi, ó wo èmi bí ẹni tó ń febi pa ìyá tó bí i. Ó sáré wọlé, ó gbé abọ́ ìrẹsì jáde pẹ̀lú ẹja. "Ìyá, ẹ jókòó, ẹ jẹun. Ọmọ yín yìí, Ọlọ́run á bi í!"

"Tòmátì ni mo fẹ́," ni ìyá mi wí.

"Ìyá, ó wà nínú ọbẹ̀ náà."

Mo ní láti jáde síta kí n lè rẹ́rìn-ín. Nígbà tí mo padà wọlé, ìyá mi ti ṣàlàyé, wọ́n ti gbé agolo náà wá, wọ́n ti da omi sí gbòǹgbò rẹ̀, ìyá mi sì di àtàǹpàkò obìnrin náà mú, ó ń kọ́ ọ: "Ha á. Ó já? Kò já. Tó bá já, oúnjẹ ni. Tí kò bá já, aràn ni." Obìnrin náà pariwo, ó ju ọwọ́ rẹ̀ nù, wọ́n jọ bú sẹ́rìn-ín. Ó jẹ́ ọmọ Ìsẹ́yìn. Nígbà tí wọ́n rí i pé àwọn jọ mọ ojú ọ̀nà kan náà nílé, kíkí bẹ̀rẹ̀, wọ́n kí ọmọ, wọ́n kí ara, wọ́n kí ewúrẹ́. Kí n tó fa ìyá mi jáde, ilẹ̀ ti fẹ́ ṣú.

Bẹ́ẹ̀ ni a ṣe ń bá a lọ láti ilé dé ilé. Mo ń ti ṣọ́ọ̀bù mi, mo ń ṣagbe kiri. Bàbá àgbà kan sọ pé sàráà òkú lòun gbà fún ìyàwó òun, pé òun ò lè yọ̀ǹda rẹ̀ àfi tí ìyá mi bá ṣàdúrà mìíràn rọ́pò rẹ̀. Ìyá mi ṣe é, ó gùn, tòmátì náà rọ sọ́wọ́ mi. Obìnrin Nàgó nìkan ló kọ̀ jálẹ̀. Òun nìkan ni tirẹ̀ so, èso kan ṣoṣo, kékeré, ó sì ti pọ́n.

"Ìyá, sàráà ni ẹ fi ta mí lọ́rẹ. Èyí ti bímọ. A kì í lé abiyamọ jáde nílé."

"Gbòǹgbò ni mo tọrọ," ni ìyá mi wí. "Mi ò tọrọ ọmọ."

Wọ́n já èso náà, wọ́n bu iyọ̀ sí i, àwa mẹ́ta pín in jẹ lójú ẹsẹ̀. Ó korò díẹ̀. Mi ò tíì jẹ tòmátì tó dùn tó bẹ́ẹ̀ rí.

A sun gbogbo gbòǹgbò náà. A fi àgbàdo sí oko, apá tó bàjẹ́ jù a fi í sílẹ̀ kó sinmi. Ọ̀rọ̀ náà ì bá parí síbẹ̀, àmọ́ àwọn obìnrin ti bẹ̀rẹ̀ sí í wá. Ọ̀kan gbé ìdí ilá rẹ̀ wá nínú ọ̀rá. Ọ̀kan gbé ìgbá wá, gbòǹgbò rẹ̀ ń kán omi sórí aṣọ tí ọkọ mi ń rán. "Ìyá, ẹ bá mi wò ó, ṣé ó ń já?" Ìyá mi á wẹ̀ ẹ́, á yí i síhìn-ín sọ́hùn-ún, á fi àtàǹpàkò ha á, á dájọ́. Lẹ́yìn ìdájọ́, wọ́n á jókòó. Òwúrọ̀ wá di ariwo lẹ́nu ọ̀nà wa. Àwọn ọmọ mi ń sáré kọjá láàárín wọn, wọ́n ń pariwo "Mámá, ó já! Ó já!" Ọ̀rọ̀ Yorùbá tí wọ́n kọ́kọ́ sọ láìjẹ́ pé mo fi pankẹ́rẹ́ halẹ̀ mọ́ wọn nìyẹn.

Èmi ò sì tíì gbàgbé. Ilẹ̀ tó ní kó gba òun, kò gbà á. Kò sí ẹni tó lè sọ pé ó gbà á. Báàgì rẹ̀ ṣì wà lẹ́sẹ̀ bẹ́ẹ̀dì, mo ń rìn yí i ká, mi ò lè béèrè, nítorí ẹni tí kò béèrè, wọn ò tíì dá a lóhùn. Òjò dá.

Oníṣòwò náà dé láàárọ̀ ọjọ́ kan láti wá gbọ́ ọjọ́ tí wọ́n máa gbéra. Ìyá mi jókòó sílẹ̀ láàárín obìnrin mẹ́rin, ìdí ṣọkọ kan wà lórí itan rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ kún fún ẹrẹ̀. Mo dúró sẹ́nu ìlẹ̀kùn, abọ́ tí mo ń nù wà lọ́wọ́ mi.

"Ìyá, ṣé ẹ ti palẹ̀ mọ́?" ni obìnrin náà bi í.

Ìyá mi kò tilẹ̀ gbójú sókè. Ó ṣì ń ha gbòǹgbò lọ́wọ́.

"Bá mi kí gbogbo wọn ní Ṣakí," ó wí. "Sọ fún wọn pé mi ò ráyè."